Nítorí Kẹ̀kẹ́ Tí O Fi Ń Sáré Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òkè

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àdágbé, mo kí ọ kú ojú lọ́nà lẹ́tà. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ti ọ́fíìsì? Ṣé ọ̀gá yín obìnrin tó máa ń pa ilẹ̀kùn dé gbàmù ti rọ̀ díẹ̀? Tí o bá béèrè wa, àlàáfíà la wà, èmi àti bàbá rẹ, àfi orúnkún mi òsì tó wú díẹ̀, n ó sì sọ bó ṣe wú fún ọ tí mo bá débẹ̀, kò le, má ṣe tìtorí rẹ̀ wọ mọ́tò. Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó sì tún máa ṣọ́ ọ níbi tí kò ti sí ọ̀nà, nítorí ó ti wá yé mi báyìí pé ibi tí kò ti sí ọ̀nà gan-an lo máa ń wá kiri.

Mo mọ̀ pé o ti sọ fún mi pé kí n yéé da ara mi láàmú pẹ̀lú bírò, pé kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù, kí n tẹ ibi tí wọ́n ya gbohùngbohùn sí. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sí i títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo kí ọ, mo ṣàdúrà fún ọ, mo sọ ti òrùlé tó ń jò, ìgbà tí mo wá gbé ìka mi kúrò ó fi garawa ìdọ̀tí kan hàn mí, ìdérí rẹ̀ ṣí, gbogbo ọ̀rọ̀ mi wọ inú rẹ̀, ó sì pa dé. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kó dà sínú garawa, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí ìwé.

Orí fídíò tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́là aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni mò ń rán lọ́wọ́ lárọ̀ ọjọ́ yẹn nígbà tí fóònù dún, o ò sì kọ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀ ju pé, Màámi, ẹ wò ó. Èmi náà sì wò ó. Ohun tí mo rí nìyí: ọwọ́ méjì di irin kẹ̀kẹ́ mú, igi ń bọ̀, òkúta ń bọ̀, ilẹ̀ ń bọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti ìsàlẹ̀, gbogbo nǹkan ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹran tí ajá ń lé, ni ariwo kan bá sọ, ariwo gígùn, ó ròkè, ó já, ó tún ròkè, fídíò sì parí. Àpá áyọ́ọ̀nù tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ ọ̀tún ni mo fi dá ọ mọ̀. Bí kì í bá ṣe ti àpá yẹn, ǹ bá ní fídíò ọlọ́fídíò ló ṣìnà wá bá mi.

Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu rẹ̀, mo sáré lọ bá bàbá rẹ nílé ìlagi. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní bíréèkì ló já, kò sí àlàyé míì. Wọ́n ní ẹni tí orí rẹ̀ pé, tó bá gbé kẹ̀kẹ́ dé orí òkè, á sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ ni, á dì í mú, á sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń mú àgbàlagbà sọdá títì. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa náà wá yọjú, ó fi orí bọ àárín àwa méjèèjì, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíréèkì rárá, àwọn olè ló ń lé ọ, ó ní ká gbọ́ bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ṣe ń mí. Èmi ò ro ti olè. Ẹni tó gbé kámẹ́rà dání ni mò ń rò, ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ọ wálẹ̀ láàárín òkúta tí kò sì ju kámẹ́rà nù, mo ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, òun náà ló sì ń mí. Mo kọ̀wé sí ọ lórí fóònù pé kí o fún un lómi mu. O ò fèsì. Ojú róbótó kan lo fi dá mi lóhùn, ojú náà la ẹnu, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì.

Mo wo omijé yẹn, mo bá jókòó sórí pákó.

Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Látìgbà tí ọkọ rẹ ti kú, o ò jẹ́ ká rí omijé rẹ, o ò sì jẹ́ ká rí eyín rẹ. Tí mo bá pè ọ́, wàá ní o wà dáadáa, wàá béèrè orúnkún mi, wàá béèrè àyà bàbá rẹ, wàá sì ní wọ́n ń pè ọ́ ní ọ́fíìsì, kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé ohùn rẹ ti dà bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Wọ́n ní ká fi ọ́ sílẹ̀, pé ó máa ń pẹ́ kí ara tó ṣọ̀kan. Nítorí náà nígbà tí mo rí ojú tó ń sunkún, mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, ọmọ yìí ti sọ̀rètí nù, ó ti lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún òkè.

A wá bi ọ́ bóyá o ti ta mọ́tò rẹ ni. O ní rárá, pé o mọ̀ọ́mọ̀ ra kẹ̀kẹ́ ni. Bàbá rẹ bi ọ́ ní iye tí o rà á, ìgbà tí o sọ ọ́ wọ́n ní kí o tún un sọ, lẹ́yìn náà wọ́n gbé fóònù fún mi, wọ́n jáde lọ dúró síta. O fi àwòrán kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Bàbá rẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ òkú ẹran wò. Kò ní kàríà. Kò ní mọ́gáàdì. Kò ní agogo. Kò ní iná. Kò ní ibi tí wọ́n ń so páǹpù mọ́. Wọ́n ní jìbìtì ni wọ́n lù ọ́, pé àwọn olè ti tú gbogbo ara rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún ọ, owó tí o sì san tó láti ra ọ̀kadà tí gbogbo ara rẹ̀ pé. Wọ́n fá pákó kan dáadáa, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n ní kàríà ni, pé tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní ìlú ńlá kí á fi rán an sí ọ, ó kéré tán kí o rí nǹkan gbé sí ẹ̀yìn. Pákó náà wà níbí. Mò ń gbé ife sí orí rẹ̀.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ọkùnrin kan wá sí ilé ìlagi. Ó wọ ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ, ó ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, pé àwọn fẹ́ ṣe ìdíje lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, tí àwọn àgbà àdúgbò bá gbà. Àwọn àgbà pe ìpàdé sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, torí ibẹ̀ ni àga pọ̀ sí. Wọ́n bi akọ̀wé pé kí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sórí òkè. Ó ní kò sí. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ gbé sọ̀kalẹ̀. Ó ní kò sí. Wọ́n ní kí ló wá dé tí wọ́n fẹ́ gùn ún. Ó ní kí àwọn lè sọ̀kalẹ̀ ni. Ọ̀gá bàbá rẹ, tó ni ilé ìlagi, rọra béèrè pé tí wọ́n bá wá sọ̀kalẹ̀ tán ńkọ́. Akọ̀wé ní àwọn á tún gùn ún.

Ọ̀gá ní ó ti yé òun. Ó ní góòlù ló wà nínú òkè yẹn.

Wọ́n jà á, wọ́n tú u, wọ́n wá fún wọn láyè pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú òkúta lọ, pé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á yẹ àpò gbogbo wọn wò tí wọ́n bá fẹ́ máa lọ sílé. Akọ̀wé gbà kíá, ó ní kò tiẹ̀ sí àpò lára aṣọ wọn. Ọ̀gá yí i ká, ó wo ṣòkòtò rẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó rí i pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kó fura sí i jù.

Mo ti pinnu ohun tí n ó ṣe nínú ọkàn mi. Mo ní gbogbo ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wá ni n ó dá dúró tí n ó sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, títí n ó fi rí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi, kí n lè mọ ohun tó ń ṣe ìwọ náà.

Ọjọ́ ìdíje pé, wọ́n dé, àwọn èèyàn ńlá, èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lọ́mọ nílé. Wọ́n so okùn pupa mọ́ ara igi látòkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá àgbàlagbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró pẹ́, tó máa dúró ní kọ́nà ibi àpáta, kó máa fọn fèrè tí ẹnì kan bá ń bọ̀, kó sì gbé àsíá sókè tí ẹnì kan bá ṣubú. Bàbá rẹ ni wọ́n mú. Bàbá rẹ yìí kan náà tó ti ń pe gbogbo wọn ní wèrè látìgbà tí akọ̀wé ti dé, ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀wù tó ń dán yanran yẹn wọ̀ wọ́n tán, wọ́n na ẹ̀yìn gbọọrọ, wọ́n kó fèrè sẹ́nu, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn, mo wà lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sókè ni mo dá dúró, torí àwọn tó ń bọ̀ wálẹ̀ kò ṣeé dá dúró. Tíṣà kan ní nítorí ìlera ara ni. Mo wo báńdééjì tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, mo ní ó dáa, mo jẹ́ kó kọjá. Ẹlòmíì ní òun fẹ́ràn láti máa wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ láti orí òkè, ṣùgbọ́n mo ti rí i nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, kò wo nǹkan kan ju táyà rẹ̀ lọ. Ẹni kẹta tí mo dá dúró ni obìnrin kan tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Ó ní dókítà eyín lòun. Ó rí i pé ìbéèrè mi kì í ṣe ti àwàdà, ó bá jókòó lórí òkúta, ó bọ́ akoto tó dé sórí, ó ní kí n jókòó.

Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀, inú ẹnu ẹlẹ́nu lòun ń wò, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù òun, òun náà ló sì máa ń tù wọ́n nínú. Ó ní tóun bá délé, orí òun kì í sinmi, ohun tó bàjẹ́ lánàá á máa sọ̀rọ̀, ohun tó lè bàjẹ́ lọ́la á máa dá a lóhùn, òun á sì jókòó láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní ṣùgbọ́n tí táyà iwájú bá ti lè dojú kọ ìsàlẹ̀ báyìí, àyè ò sí nínú orí òun mọ́ fún nǹkan míì ju òkúta tó kàn lọ, lẹ́yìn rẹ̀ gbòǹgbò tó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ kọ́nà. Ó ní ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ, pé tí èèyàn bá tẹjú mọ́ igi tí kò fẹ́ kọlù, igi yẹn náà ló máa kọlù, nítorí náà ibi tí èèyàn fẹ́ gbà kọjá nìkan ló gbọ́dọ̀ máa wò. Ó ní tóun bá dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ òun á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ òun á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n inú orí òun á ti dákẹ́ rọ́rọ́ bí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Mo rí i pé ojú rírán kan ti tú ní èjìká ẹ̀wù rẹ̀, mo yọ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn aṣọ mi, mo bá a rán an mọ́ ọn lára níbẹ̀, ó ní ẹ ṣé, Màmá, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó máa tún bọ̀ wálẹ̀, bàbá rẹ fọn fèrè, èmi náà sì dìde láti wò ó. Ó ń bọ̀ bí ẹ̀fúùfù. Táyà iwájú rẹ̀ wọ ibi tí àgbàrá ti wa ilẹ̀ lẹ́bàá àpáta, kẹ̀kẹ́ dúró, ṣùgbọ́n dókítà ò dúró. Ó gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, ó yí gbirigbiri wọ inú igbó, a ò sì rí i mọ́. Bàbá rẹ gbé àsíá sókè, wọ́n sì gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Mo sáré. Orúnkún mi ò dùn mí nígbà yẹn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ ariwo, ọmọ mi, ariwo yẹn gan-an ni, ariwo gígùn, ó ròkè, ó já, ó tún ròkè. Mo ya ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹrẹ̀ wà ní gbogbo eyín rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sórí igi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dìde. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kẹ̀kẹ́ òun ńkọ́, ṣé kò fara pa.

Mo yọ fóònù jáde, mo wá fídíò rẹ, mo gbé e fún un bó ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kó gbọ́ kó sọ fún mi ohun tí wọ́n ń ṣe ọmọ mi. Ó gbé e sí abẹ́ akoto, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, Màmá, ẹ̀rín ni. Ó ní kò sí ẹni tó ń lé ọ, kò sí ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ọ, orí akoto rẹ ni kámẹ́rà wà, ìwọ fúnra rẹ lò ń mí. Mo fi ojú tó ń sunkún hàn án pẹ̀lú. Ó ní ìyẹn náà, ẹ̀rín ni, pé tí ẹ̀rín bá pọ̀ jù fún èèyàn ni wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sí etí ara mi. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ kẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi dá a mọ̀ mọ́. Èmi tí mo bí ọ. O rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ, mo pè é ní ẹkún. Mo mú un lọ bá bàbá rẹ lójú iṣẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n tẹ́tí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún un fi. Wọ́n fun imú wọn sínú àsíá. Wọ́n wá fọn fèrè kan tó gùn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún mi ló kù.

Ìgbà tí ìdíje parí, wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé ìlagi, wọ́n ń mu omi, Ọ̀gá sì ń yí wọn ká, ó ń wá àpò. Dókítà tó ti fọ ẹnu ní ṣé kí n gbìyànjú rẹ̀ wò níbi tí ilẹ̀ ti rọra dagẹ̀rẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n ń to pákó sí. Mo ní láéláé. Mo ní mo kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe rán àga rẹ̀ ni, torí iṣẹ́ mi ni. Èèyàn ò sì lè mọ bí wọ́n ṣe rán àga láìjókòó lórí rẹ̀. Bí mo ṣe wọ ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá rẹ nìyẹn, tí mo dé akoto dókítà, tó fún mi létí, tí mo jókòó, tó sì di ẹ̀yìn àga mú. Mo ní kó má fi mí sílẹ̀ o. Ó ní òun ò ní fi mí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ jìnnà nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọmọ mi, mo sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọ inú aṣọ mi. Òkìtì pákó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mò ń wò ó, ó sì ń bọ̀, mo wá rántí pé ohun tí mò ń wò ni n ó kọlù, mo bá ya ojú kúrò, mo wo òkìtì ìyẹ̀fun pákó tó ń bọ́ lẹ́nu ayùn, ibẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ sì gbé mi lọ, olóòótọ́ ni. Mo wọ inú rẹ̀ dé àyà. Ariwo kan jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ sì sá jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń béèrè ẹni tó kú. Orúnkún mi ti gbá irin. Ṣùgbọ́n n ó sọ òótọ́ fún ọ, láti ìgbà tí dókítà ti jọ̀wọ́ mi títí mo fi wọ inú ìyẹ̀fun yẹn, mi ò rántí aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, mi ò rántí òrùlé, mi ò rántí ọkọ. Forí jì mí, mi ò rántí ìwọ pàápàá. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, mi ò bímọ rárá. Ìgbà tí wọ́n fà mí jáde ni gbogbo yín tún padà wá, ẹ sì fúyẹ́ ju bí mo ṣe fi yín sílẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ò kán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn fẹ́ bá dókítà gbé e padà sókè, kó má bàa wàhálà. Orí kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n jókòó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún lẹ́yìnkùlé, mo yọjú, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tú kàríà kúrò lára kẹ̀kẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n ti yọ mọ́gáàdì, wọ́n ti yọ agogo. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wo pákó tí àwọn sá sórí òkè. Pákó kankan ò sí lórí òkè. Ọ̀gá náà ò sinmi, ó ti gbé òkúta kan láti orí òkè náà lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù, ìyẹn ní òkúta lásán ni, Ọ̀gá ní àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ká ní mo ti kọ lẹ́tà yìí ṣáájú ìdíje, ohun tí ǹ bá kọ ni pé kí o ta kẹ̀kẹ́ yẹn kí o sì lọ sinmi. Mi ò kọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Máa gùn ún. Tí òṣù bá ti parí, jọ̀wọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, mo fẹ́ ra timùtimù tí wọ́n ń so mọ́ orúnkún, ti méjèèjì ni o, torí mi ò mọ èyí tó kàn. Bàbá rẹ nílò akoto, mo ti fi téèpù wọn orí wọn, ó tóbi ju bí mo ṣe rò láti gbogbo ọdún yìí wá lọ. Wọ́n sì ní kí n béèrè, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ mọ̀, bóyá sípíríǹgì tó wà níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ wọ́n. Tí o bá fi owó náà sí báńkì, báńkì á kọ̀wé sórí fóònù mi, wọn kì í gbàgbé, èmi náà kì í sì í gbàgbé láti kọ ọ́ padà sí wọn pé ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín. Wọn ò dá mi lóhùn rí. Ó jọ pé wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣubú, tí o bá sì máa ṣubú, kó jẹ́ sórí ewé. Kí eegun rẹ le. Kí ọ̀rẹ́ tó máa gbé ọ dìde má jìnnà sí ọ. Kí ẹ̀rín má tún wọ́n lẹ́nu rẹ, kí àwa náà má sì tún gbọ́ ọ ká má mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ti la ọ̀nà tóóró kan láti orí òkè wá tààrà sí ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n gé igbó rẹ̀, wọ́n kó òkúta rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà wọ́n tún kó díẹ̀ nínú wọn padà, wọ́n ní kó má bàa sú ọ. Wọ́n ti sún okùn tí mò ń sá aṣọ sí kúrò lọ́nà. Láàárọ̀ yìí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò lára férémù, wọ́n gbé e ti ògiri. Mo ní kí wá ni ìyẹn. Wọ́n ní ọmọ yẹn máa ń sáré púpọ̀, tó bá ń bọ̀ tí kò sì lè dúró, kó kàn máa wọlé bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.